Íapíìsì Afura àti Orísun Ohùn Tí Ó Bá A Mu

Ẹ̀yin òǹwòran wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó ṣeé ṣe kí orí ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí dà bí ohun tí kò kan onímọ̀ èdè rárá. Íapíìsì tí àwọn ọ̀dọ́ ń kì bọ etí kiri ìgboro, kí ni ó pa òun àti ẹni tí ń kọ́ni ní Yorùbá pọ̀? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kábà.

Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti lọ sí abúlé kan ní ilẹ̀ Bùnú, ó ti gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀. Ìyá náà sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ti ń hun aṣọ ní ìgbà èwe rẹ̀, bí wọ́n ti ń pa á láró, àti bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, nítorí àgbà kì í pariwo. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ padà dé yàrá rẹ̀, ó ki íapíìsì tí ó fi owó gidi rà bọ etí, ó sì ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ihò amplifáyà kan tí ó yá lọ́wọ́ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí tí ó fi yá a ni pé ó gbà pé bí ẹ̀rọ bá ti lágbára tó ni ohùn yóò ṣe mọ́ tó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ ìyá kọ sínú ìwé. Ó dé ibì kan tí ìyá ti ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ. Ṣé sá ni ìyá wí, èyí tí a ń ṣe fún aṣọ nínú oòrùn kí ó lè gbẹ, tàbí ṣá, èyí tí ń ṣẹlẹ̀ sí aró nígbà tí ó bá ti pẹ́? Ohùn òkè ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kóńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀kan, ó pa á rẹ́, ó kọ èkejì. Nígbà tí irú èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó fi gègé rẹ̀ kọ ọ́ sí etí ìwé pé, “Ẹ̀ka-èdè yìí kò fi ìyàtọ̀ sáàárín s àti ṣ.”

Gbólóhùn kúkurú ni, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ó tún jọ òótọ́, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan wà nínú àwọn ọmọ Yorùbá, bí àwọn tí ó dàgbà sí ìgboro Ìbàdàn, tí ìyàtọ̀ yìí kì í hàn lẹ́nu wọn. Nítorí náà olùkọ́ tí yóò ka iṣẹ́ náà lè má bi í ní ìbéèrè kankan. Ìwé yóò di títẹ̀, ẹlòmíràn yóò tọ́ka sí i, ohun tí ìyá àgbà kò fi ẹnu rẹ̀ ṣe yóò sì di ìwà èdè gbogbo abúlé rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Òkun ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti léwu jù. Ìkíni tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ni a fi sọ wọ́n lórúkọ: Owé ní Kábà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Abẹ́ Ẹkùn Kábà ni wọ́n wà ní ayé ìjọba Àríwá. Ní 1967 wọ́n bọ́ sí abẹ́ ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara, ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 wọ́n sì di ara Ìpínlẹ̀ Kogí. Nínú gbogbo ìrìn-àjò yìí, Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi ń kọ́ ọmọ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́, òun náà ni ó sì wà nínú ìwé. Ọ̀mọ̀wé Akinkugbe, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978, fi àwọn ẹ̀ka-èdè wọ̀nyí sí ọ̀wọ́ ti ìlà-oòrùn àríwá Yorùbá. Ìró ọ̀rọ̀ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìwé kò bá sì pọ̀, ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ̀rọ̀ tí adájọ́ kò gbọ́ ọ dáadáa, ta ni a ó dá lẹ́bi?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo íapíìsì náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń kì bọ etí ni ó rí bákan náà. Àwọn àgbà tí ó lo rédíò alágbèéká ní ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò rántí èyí tí ó rí bí èkùrọ́, tí a fi ń gbọ́ ìròyìn lóru kí ara ilé má baà jí. Nígbà náà, ohun tí a ń kì bọ etí tàbí tí a ń dé sórí a máa dènà iná gidigidi. Èyí tí Sennheiser ṣe ní 1968, tí ó pè ní HD 414, ní ìdènà óòmù 2,000. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í fura tètè; ó ń fẹ́ kí orísun ohùn ti iná sí i dáadáa. Nígbà tí Sony gbé Walkman jáde ní oṣù keje ọdún 1979, bátìrì kékeré méjì ni ó ní láti gbé ohùn dé etí, nítorí náà ìdènà ní láti wálẹ̀. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń yí padà sí ìhà kejì.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fún adití ni wọ́n ti ní ìmọ̀ ohun èlò kékeré tí iná ín-ń-tín tó fún. Ohun èlò yẹn ni ó wọ inú íapíìsì àwọn akọrin. Ní 1995, Jerry Harvey, ẹni tí ń bójú tó ohùn fún ẹgbẹ́ akọrin Van Halen ní Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ fún onílù wọn, kí ọkùnrin náà lè gbọ́ ara rẹ̀ láàárín ariwo orí ìtàgé. Lónìí, irú íapíìsì bẹ́ẹ̀ wà létí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Kábà àti Ẹ̀gbẹ̀ bí ó ti wà ní Èkó, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó dí etí pa mọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ó sì ń fura sí iná tí kò tó nǹkan. Ìfura yìí ni ìwúlò rẹ̀, òun náà ni wàhálà rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ti ń fura tó, ìṣirò díẹ̀ kò ní pa wá lára. Ká ní íapíìsì kan ní ìdènà óòmù 16, tí ìdá kan nínú 1,000 wáàtì sì mú ohùn rẹ̀ tó dẹ́síbẹ̀lì 112. Ọ̀pọ̀ íapíìsì olórin ni ó wà ní àdúgbò iye yìí. Láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ní dẹ́síbẹ̀lì 75, èyí tí ó tó ẹni tí ń da ọ̀rọ̀ kọ, kò fẹ́ ju mílífóltì 2 lọ, ìyẹn ìdá 2 nínú 1,000 fóltì kan. Orísun tí ó bá lè gbé fóltì 1 jáde, bí ọ̀pọ̀ fóònù ti lè ṣe, ti fi ìlọ́po 500 kọjá ohun tí a ń wá. Bí fóltì kan yẹn bá sì wọlé tán, ohùn yóò tó dẹ́síbẹ̀lì 130, ìró tí ń dun etí bí ẹni gbá a. Amplifáyà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa yá tún ju fóònù lọ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀pá gbẹ̀du lu gángan mọ̀ ohun tí yóò bá awọ rẹ̀. Àwọn àgbà ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè wí pé òun kò ṣe ohùn náà sókè, pé ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni òun fi fọ́lúùmù sí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì jù lọ. Kò sí ẹ̀rọ iná tí kò ní ariwo tirẹ̀ nínú. Ariwo náà dà bí òjò tí ń rọ̀ lókèèrè: ṣíííí, kò ga, kò wálẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ amplifáyà, apá ìkẹyìn, tí ó wà lẹ́yìn fọ́lúùmù, ni ariwo yìí ti ń jáde. Nítorí náà, bí a bá dín fọ́lúùmù kù, ohùn ìyá àgbà nìkan ni ó ń kéré; òjò ń rọ̀ níbi tí ó ti ń rọ̀. Ká ní ariwo inú amplifáyà kan tó ìdá kan nínú 10,000 fóltì. Bí a bá so ó mọ́ ohun àgbésórí tí ó ń fẹ́ fóltì 1 kí ó tó ké dé dẹ́síbẹ̀lì 100, ariwo náà yóò wà ní dẹ́síbẹ̀lì 20, etí kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó wà. Bí a bá so ẹ̀rọ kan náà mọ́ íapíìsì afura tí a mú ṣe àpẹẹrẹ, ariwo yẹn yóò dìde sí dẹ́síbẹ̀lì 50. Ẹ̀rọ kò yí padà. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ ni ó fura jù.

Dẹ́síbẹ̀lì 50 lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà ní 75, ṣé ó tó láti ba nǹkan jẹ́? Ó tó. Kì í ṣe gbogbo ìró inú ọ̀rọ̀ ni ó wà ní 75. Fáwẹ̀lì ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ga; kóńsónáǹtì tí a fi èémí nìkan pè, bí f, s, ṣ àti h, a máa rẹlẹ̀ sí fáwẹ̀lì púpọ̀, pàápàá lẹ́nu àgbà tí èémí rẹ̀ ti dín kù, tàbí ní ìparí gbólóhùn. Ìró s àti ṣ fúnra wọn jẹ́ ariwo èémí. Ohun tí ó yà wọ́n ni ibi tí agbára ariwo náà pọ̀ sí. Ti ṣ pọ̀ sí nǹkan bí ìgbọ̀n 3,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti s sì ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí ṣíííí ẹ̀rọ bá wá bo ibi méjèèjì, ariwo ti wọ inú ariwo, etí kò sì rí ohun tí yóò fi ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kò ní irú ìṣòro yìí. Ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ti ń wá, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ń gun orí fáwẹ̀lì tí ó lágbára. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń gbọ́ Yorùbá nínú ẹ̀rọ tí kò dára fi máa ń rò pé òun gbọ́ ohun gbogbo. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yàtọ̀ síra lẹ́nu rédíò tí ó fọ́ pàápàá. Ohùn ti mú kí gbólóhùn yé e, ọpọlọ sì ti fi kóńsónáǹtì tí ó wù ú dí àlàfo. Ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn kò pàdánù nǹkan kan nípa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ṣe ìwádìí ẹ̀ka-èdè ti pàdánù ohun tí ó wá lọ.

Ọ̀nà kejì wà tí orísun ohùn lè gbà ṣi adàkọ lọ́nà, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí pé kò pariwo rárá. Orísun náà ní ìdènà tirẹ̀ ní ẹnu ihò rẹ̀. Ní 1996, ìlànà àgbáyé kan tí a ń pè ní IEC 61938 dábàá óòmù 120 fún ẹnu ihò bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ àgbésórí onídènà ńlá ni a rò mọ́ ọn. Títí di òní, a ń rí amplifáyà àti ẹ̀rọ ìdàpọ̀ ohùn tí ìdènà ẹnu ihò wọn ga. Íapíìsì olórin sì rèé, pàápàá èyí tí ó ní ohun èlò kékeré púpọ̀ nínú: ìdènà rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ó lè jẹ́ óòmù 10 níbi ìró kan, kí ó jẹ́ 40 níbi òmíràn. Bí orísun bá ní óòmù 1 péré, ìyàtọ̀ tí èyí yóò mú wá kò tó dẹ́síbẹ̀lì 1, etí kò ní mọ̀. Bí orísun bá ní óòmù 120, ìró tí ó bọ́ síbi 40 yóò fi dẹ́síbẹ̀lì 10 ga ju èyí tí ó bọ́ síbi 10 lọ. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ ìyá àgbà pè fún un. Ìró òkè lè mú jù, ó sì lè kú. Fáwẹ̀lì àránmúpè lè dà bí àìránmúpè, e lè sún mọ́ ẹ, adàkọ kò sì ní gbọ́ ariwo kankan tí yóò kìlọ̀ fún un.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lo òṣùwọ̀n tí ó rọrùn: kí ìdènà orísun má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìdènà íapíìsì lọ. Íapíìsì óòmù 16 ń fẹ́ orísun tí kò ju óòmù 2 lọ. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé íapíìsì ọlọ́wọ̀ọ́wọ́ lásán, oní-ohun-èlò kan ṣoṣo tí ìdènà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, lè gbọ́ ìyá àgbà ní òtítọ́ lórí ẹ̀rọ burúkú ju èyí tí a fi owó ìdánwò rà lọ.

Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe mọ ibi tí ariwo ti ń wá? Kí ó ki íapíìsì bọ etí nínú yàrá tí ó pa rọ́rọ́, kí ó tan ẹ̀rọ, kí ó má fi ohùn kankan sí i, kí ó sì dá fọ́lúùmù padà sí òdo. Bí ó bá ṣì ń gbọ́ ṣíííí, ẹnu ihò orísun ni ariwo ti ń wá, íapíìsì yẹn kò sì bá orísun yẹn mu. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹ́ kí ohùn ìyá bẹ̀rẹ̀, kí ó gbé fọ́lúùmù sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ṣíííí bá ń ga bí ohùn náà ti ń ga, inú ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni ó wà. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ makirofóònù tàbí ti ọ̀nà tí a gbà lò ó ní abúlé, orísun tuntun kò sì lè tún un ṣe.

Fún ìṣòro àkọ́kọ́, ìwòsàn kò wọ́n. Ohun tí íapíìsì afura ń fẹ́ ni orísun tí ó dákẹ́ tí ìdènà rẹ̀ sì kéré, agbára kọ́. Láti ìgbà tí Apple ti yọ ihò íapíìsì kúrò lára iPhone 7 ní 2016, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, wáyà kékeré tí a ń ki bọ ihò USB-C ti wọ́pọ̀ lọ́jà. Amplifáyà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Èyí tí Apple fúnra rẹ̀ ń tà kò gbé ju nǹkan bí fóltì 1 jáde, ìdènà rẹ̀ wà ní nǹkan bí óòmù 1, ariwo rẹ̀ sì kéré gan-an. Fún iṣẹ́ tí a ń sọ yìí, ó ṣe dáadáa ju àpótí ńlá ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àpótí náà nìkan ni ó wà nílẹ̀, a lè fi adínkù sáàárín rẹ̀ àti íapíìsì: ohun kékeré tí ó ń dín ohùn àti ariwo kù pa pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Adàkọ yóò wá gbé fọ́lúùmù sókè kí ohùn ìyá lè padà sí ipò rẹ̀, ariwo yóò sì dúró sí ìsàlẹ̀ níbi tí a tì í sí. Kí a ṣọ́ra fún èyí tí ó jẹ́ bọ́tìnì yíyí lásán lára wáyà; ó ń dín ohùn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ìdènà kún ti orísun, a sì padà sí wàhálà kejì. Ní ti íapíìsì aláìníwáyà, amplifáyà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó ṣe é ni ó ti bá wa so wọ́n pọ̀, rere tàbí búburú.

Rọ́bà tí ń dí etí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí kò bá bá ihò etí mu, ìró ìsàlẹ̀ yóò jò dànù, ariwo jẹnẹrétọ̀ yóò sì wọlé. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe nígbà náà ni kí ó gbé fọ́lúùmù sókè, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kì í kéré. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ ITU gbé jáde ní 2019 fi dẹ́síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n fún àgbàlagbà, ó sì fi 75 ṣe ti ọmọdé. Bí dẹ́síbẹ̀lì 3 bá ti gorí rẹ̀, wákàtí náà yóò pín sí méjì: 83 di wákàtí 20, 86 di 10, 89 di 5. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní 95 kò ní ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní odidi ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan tí a gbà sílẹ̀ lè gba ọjọ́ púpọ̀ láti dà kọ; etí tí a ó fi ṣe é kò ní ìpààrọ̀ lọ́jà.

Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí a da ọ̀rọ̀ kọ sí, a máa ń rí orúkọ abúlé, ọjọ́ orí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, àti ọjọ́ tí a gba ohùn sílẹ̀. Ó yẹ kí orúkọ ẹ̀rọ tí a fi gbọ́ ọ àti íapíìsì tí ó wà létí adàkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tí yóò tún ohùn náà gbọ́ lọ́la lè mọ ohun tí etí àkọ́kọ́ rí. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ wa, gbólóhùn tí ó kọ sí etí ìwé kò tíì di òótọ́, kò sì tíì di irọ́. Kí ó fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ márààrún, kí ó dá àpótí ṣọ́ọ̀ṣì padà fún àwọn olówó rẹ̀, kí ó tún wọn gbọ́ lórí orísun tí ó dákẹ́. Èyí tí kò bá tún dá a lójú, ìyá àgbà ṣì wà láàyè, mọ́tò sì ń lọ sí abúlé rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà.